Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Agogo méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú méjì. Níta, odò Androscoggin
ti di yìnyín létí méjèèjì; àárín nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀.
Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Kí n gbọ́, kí n kọ, kí n dákẹ́.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń dákẹ́ gbowó oṣù.

Ọ̀rọ̀ kẹrin lórí ètò: ilé alájà mẹ́rin,
ìdílé méjìdínláàádọ́rin, ní igun òpópónà Marcotte,
níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí báyìí.
Agbaṣẹ́ṣe gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ara pátákó.
Igi inú rẹ̀ ti dàgbà ogún ọdún kí wọ́n tó gbìn ín;
àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń rìn láìní òjìji,
kò sí ọ̀kan tó wọ kóòtù òtútù.
Ó ní, "Òjìji ilé wa kò ní kọjá títì lọ́sàn-án."
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo kọ ọ́: ẹ̀rín. Mo pa á rẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí iná pupa bá tàn, jókòó.

Gérard Pelletier ní ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kò rọ́nà gbà tẹ́lẹ̀,
níbo ni ọgọ́rùn-ún mọ́tò mìíràn yóò sùn sí?
Kaylin, tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn,
ní inú mọ́tò lòun ń sùn láti oṣù kọkànlá,
kí Gérard fọkàn balẹ̀, òun mọ ibi tí mọ́tò ń sùn sí.
Warsame Guleed ní ọmọ mẹ́fà, yàrá méjì,
ebu dúdú lára ògiri.
"Mi ò tọrọ ilé ọ̀fẹ́. Ilé tí mo lè sanwó rẹ̀ ni mò ń wá."
Ó ku ìṣẹ́jú kan fún un. Kò lò ó.

Lucienne Ouellette wá dìde, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
ó gbé ìgò tòmátì kan kalẹ̀ níwájú wọn,
tòmátì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó sè sínú ìgò kí òtútù tó dé.
"Oòrùn ló ṣe èyí. Ẹ bá mi bi ayàwòrán yẹn
bóyá ó lè ya oòrùn padà fún mi."
Àtẹ́wọ́ gba gbọ̀ngàn. Ó wá fi kún un pé:
"Àdúgbò wa kò ní ilé gíga rí."

Bírò mi dúró.

Lucienne.
Igun yẹn gan-an, abẹ́ àwọn mọ́tò yẹn,
ilé onípákó alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀,
okùn aṣọ láti fèrèsé dé fèrèsé.
Àjà kẹta ni ìyá mi bí mi sí. Àjà kẹrin lo wà,
ìwọ lo máa ń so búrẹ́dì mọ́ okùn, tí o ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wa,
ní ọ̀sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ bàtà tilẹ̀kùn mọ́ àwọn bàbá wa.
Àwọn ará orí òkè ń sọ nígbà náà
pé àwa elédè Faransé ti pọ̀ jù, a ń bímọ bí ehoro.
Ó wà lákọsílẹ̀. Mo ti kà á, nínú àpótí kan nísàlẹ̀ ilé yìí.
Ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé ìgbà náà rẹwà púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì.
Mo kọ ọ́: Ìyáàfin Ouellette tako ó.

Mẹ́rin sí mẹ́ta. Ó wọlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé àjà kan kúrò.
Ìdílé mọ́kànléláàádọ́ta. Mo ṣírò rẹ̀ létí ìwé:
mẹ́tàdínlógún ti jábọ́.
Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tí kò tíì dé?

Wọ́n paná. Ìgò tòmátì ṣì wà lórí tábìlì,
Lucienne ti gbàgbé rẹ̀. Mo gbé e sínú àpò mi.
Lọ́la n ó gbé e lọ fún un nílé,
n ó jókòó ní ìdáná rẹ̀, n ó sì ní kó bù mí ní búrẹ́dì.